Bídọ̀n Tó Kún Jù

Ẹni tó bá tún sọ létí mi pé sísanra ni àlàáfíà, mi ò ní bá a jiyàn. Màá kàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, màá sì yí ojú padà sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Kétu, ara àwọn obìnrin ni mo sì fi ń jẹun. Mo mọ ara tí oúnjẹ mú sanra, mo mọ èyí tí oyún mú sanra, mo sì mọ èyí tó wú. Àwọn ará ilé ọkọ àbúrò mi kò mọ ìyàtọ̀. Ojú wà lórí wọn bíi ti gbogbo èèyàn, wọn ò kàn fi í wo nǹkan ni.

Àbúrò mi yìí, ọmọ ìyá mi ni, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù fún mi. Abúlé Idigny ló lọ nílé ọkọ, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo. Nílé tiwa, a kì í sanra. Ìyá wa tín-ín-rín títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó lè bá a du ẹrù nínú oko. Ṣùgbọ́n nílé ọkọ àbúrò mi, ìyàwó tó bá rù, àbùkù ọkọ ni. Wọn ò bú u o. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n ń káàánú rẹ̀ ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ á bu ẹ̀kọ lé ẹ̀kọ fún un, á ní, "Jẹun, ìyàwó mi, kí ayé má baà sọ pé ebi la fi ń pa ọ́." Àwọn ìyàwó ilé yòókù á wò ó, wọ́n á mi orí. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ ni. Èèyàn tí wọ́n ń káàánú láràárọ̀, bó pẹ́ bó yá, á wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀.

Nǹkan náà kò sì jìnnà. Obìnrin kan wà lọ́jà wa tó ń ta hóró oògùn lórí àtẹ, láàárín ẹni tó ń ta ata àti ẹni tó ń ta bàtà ọmọdé. Kì í béèrè ohun tó ń ṣe ọ́. Ibi tí o fẹ́ kó sanra ló ń béèrè: ṣé ìdí ni, àbí ẹ̀rẹ̀kẹ́? Á wá ka hóró funfun wẹẹrẹ sínú ọ̀rá fún ọ, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí o bá béèrè orúkọ oògùn, á ní kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọkọ rẹ ló máa sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oògùn gidi ni, pé wọ́n ń lò ó nílé ìwòsàn fún ẹni tí èémí rẹ̀ há. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ká ní ìyẹ̀fun lásán ló ń tà, àbúrò mi ì bá ti yà á dànù, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Oògùn ṣiṣẹ́. Ká má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Mo tú ẹ̀gbẹ́ bùbá àbúrò mi, mo tún un tú, títí kò fi sí aṣọ tó ṣẹ́kù fún títú. Ojú rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí odidi ẹ̀bà nínú abọ́. Ikùn rẹ̀ yọ, ẹran kan sì so jọ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá àti itan rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i, débi pé bó bá lóṣòó níwájú ààrò, ó di kí ẹnìkan fà á dìde. Ẹni tó ń wọn ara èèyàn mọ̀ pé ara kì í sanra báyìí. Àwọn ará Idigny ní ilé gbà á. Wọ́n ní oúnjẹ ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọkọ náà, èèyàn rere tí kì í ro nǹkan jinlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí gbé àyà síwájú kiri abúlé bí ẹni pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n.

Ọjọ́ tí àbúrò mi fi ọ̀rá oògùn náà hàn mí, mo pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi jáde lọ síta. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò káàánú mi mọ́." Mo yí ojú padà sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, inú sì ń bí mi sí i.

Láàárín àsìkò yẹn ni àwọn olùwádìí dé láti Kútọnu. Mọ́tò funfun, aṣọ funfun, àpótí yìnyín, àti fìlà tí wọ́n kọ nǹkan sí, tí wọ́n ń há fún àwọn èèyàn bí ẹni tó ń wá ìbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ṣáájú wọn, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju abọ́ tí mo fi ń jẹun lọ. Wọ́n ní ìwádìí họ́móònù làwọn ń ṣe, pé àwọn obìnrin tó ń lo oògùn ìsanra làwọn ń wá. Nọ́ọ̀sì yẹn ránṣẹ́ sí mi, torí ó ti rí àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù mi rí. Mo mú un lọ bá wọn nílé ìwòsàn.

Mi ò ní tìtorí ìbínú parọ́ mọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà: àlàyé rẹ̀ yé mi. Faransé ló ń sọ, èmi ni mò ń sọ ọ́ di Nàgó, èdè wa, fún àbúrò mi. Ó ní kókó kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, òun ló ń tú họ́móònù kan sínú ẹ̀jẹ̀, họ́móònù yìí ló sì ń fún ara lágbára láti dìde láàárọ̀, láti fara da ebi àti ibà. Oògùn ìsanra yìí jọ họ́móònù náà. Bí èèyàn bá ń gbé e mì fún ìgbà pípẹ́, kókó á rò pé ẹlòmíràn ti ń bá òun ṣiṣẹ́, á sùn lọ. Bó bá ti sùn, tí èèyàn wá já oògùn sílẹ̀ lójijì, kò ní sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ́, ẹni náà sì lè kú. Torí náà, nǹkan kan ṣoṣo ló yẹ ká mọ̀: ṣé kókó àbúrò mi ṣì jí, àbí ó ti sùn? Bó bá jí, kó dá oògùn dúró lọ́jọ́ náà. Bó bá ti sùn, díẹ̀díẹ̀ ni kó máa dín in kù, ojú dókítà sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó sọ èyí, ṣùgbọ́n yìnyín máa ń yọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé Kútọnu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán ìtọ̀ wò. Họ́móònù tí kókó bá tú jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá ìtọ̀ bọ́ síta. Bí ìtọ̀ odidi ọjọ́ kan bá lè sọ òtítọ́, wọn ò ní máa gbé yìnyín kiri mọ́. Wọ́n fún àbúrò mi ní bídọ̀n kan, ike funfun ńlá tó ní ìmùdání àti ọmọrí, tuntun, irú èyí tí èèyàn lè fi pọn omi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó máa tọ̀ sínú rẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó má jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Ó tún un sọ pé, "Gbogbo rẹ̀ la fẹ́." Ó bi í lọ́jọ́ orí, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó fi okùn wọn ikùn rẹ̀ ká, ibi tó sì ti wọ̀n ọ́n kò tọ́. Kò béèrè irú ilé tó ń gbé. Kò béèrè àwọn tó ń bá a lo ilé ìwẹ̀. A ní abèèrè kì í ṣìnà; èyí kò béèrè, ó ṣáà ní mọ́tò. Ọkùnrin tó mọ ohun tó wà lórí kíndìnrín kò mọ̀ pé kò sí nǹkan tí ìyàwó ilé ń dá ní ní Idigny.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ ló fi alùpùpù gbé òun àti bídọ̀n wá. Mo ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bídọ̀n kún dé ọrùn. Orí ilẹ̀ gíga la wà níhìn-ín o, kànga wa jìn débi pé okùn ń bó wa lọ́wọ́, àwọn obìnrin wa kì í sì í mu omi bí ẹni tó wà létí odò. Mo sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé èyí mà pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn tó ní irú àìsàn yìí máa ń tọ̀ púpọ̀. Ó yíjú sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n wo obìnrin tó gbọ́ràn. Wọ́n ya bídọ̀n ní fọ́tò. Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì í pé wọ́n ń ya ìtọ̀ rẹ̀ ní fọ́tò, torí ojú ì bá ti èmi náà.

Nígbà tí èsì dé, ọ̀jọ̀gbọ́n ń yọ̀. Ó ní kókó jí kedere, pé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tí kò fẹnu kan oògùn rí. Ó ní ohun ìyanu ni, pé bóyá nǹkan kan wà nínú oúnjẹ àwọn ará Idigny tó ń dáàbò bo kókó wọn, pé òun á kọ ọ́ sínú ìwé fún ayé kà. Kí àbúrò mi dá oògùn dúró lónìí. Inú mi dùn. Ọ̀rá hóró náà, inú ṣáláńgá la dà á sí.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ní ara òun dà bí aṣọ tí wọ́n fún omi inú rẹ̀ tán. Àwọn ará ilé ọkọ ní ibà ni, wọ́n fún un lágbo. Àwọn mìíràn ní ojú ayé ló wọ̀ ọ́ lára, pé sísanra rẹ̀ ti pọ̀ jù lójú àwọn ọ̀tá. Ṣebí àwọn náà ló ń fi sísanra yẹn yangàn láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ọ̀sán gangan ló ṣubú, lábẹ́ igi níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n há a sáàárín ọkọ rẹ̀ àti ẹlòmíràn lórí alùpùpù, wọ́n gba ọ̀nà inú igbó wá sí Kétu. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ tutù nini, kò sì mọ̀ mí. Ẹ̀rù bà mí.

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wo ojú rẹ̀ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó bi mí ní oògùn tó ń lò, ó bi mí nígbà tó dá a dúró. Ó fa omi sí i lára, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ irú oògùn kan náà tí a dà sí ṣáláńgá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi lajú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òùngbẹ ń gbẹ mí." Mo sunkún níwájú gbogbo èèyàn, mi ò sì tijú.

Dókítà pe ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n sì dé láti Kútọnu. Ó dúró níwájú ibùsùn, ó ń sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ìtọ̀ kì í parọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àbúrò mi ṣẹ òun ni, torí pé ó fẹ́ kú lẹ́yìn tí òun ti ní kó má kú. Ìyá ọkọ àbúrò mi jókòó lórí ẹní lẹ́bàá ibùsùn. Kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "bídọ̀n" nínú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ nípa bídọ̀n. Mo ní wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá àìsàn yìí mu.

Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Sọ fún un pé a ò fi nǹkan kan dù wọ́n. Gbogbo wa la bá ìyàwó kún un."

Mo ní, "Kí lẹ ní ẹ ṣe, Ìyá?"

Ó ṣàlàyé, ó tiẹ̀ ń fi í yangàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣí bídọ̀n wò, ó rí i pé ìtọ̀ ìyàwó òun kò ju kó bo ìsàlẹ̀ lọ. Ojú tì í. Lọ́dọ̀ wa, a kì í dá abọ́ ẹni padà lófìfo. Bí aládùúgbò bá fi abọ́ gbé ọbẹ̀ wá fún ọ, o ó fọ abọ́ náà, o ó bu nǹkan sí i kó tó padà, ì báà jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà. Ká wá gba bídọ̀n tuntun lọ́wọ́ àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé gbogbo rẹ̀ lòun fẹ́, ká sì dá a padà pẹ̀lú ohun tí kò tó ìtọ̀ ewúrẹ́? Kí ni wọ́n á máa sọ nípa ilé náà ní Kútọnu? Ó pe àwọn ìyàwó ilé jọ. Òun fúnra rẹ̀ mu omi, omi tí wọ́n forí rù wálé, kóun lè rí tiẹ̀ dá sí i.

Ó wá ní, "Mi ò sì jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá dá sí i o. Àwọn tí ara wọn le ni mo yàn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní Faransé fún ọ̀jọ̀gbọ́n, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í sójú, ó tún yọ ọ́. Ohun ìyanu inú oúnjẹ Idigny tó fẹ́ kọ sínú ìwé fún ayé kà, ìtọ̀ ìyá àgbà àti ti àwọn ìyàwó ilé ni. Mo bi í bóyá ó rò pé ilé yìí nìkan ló ní ìtìjú lórí gbogbo ilẹ̀ Kétu. Àwọn bídọ̀n tó gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé Odomèta ńkọ́? Àwọn ti Adakplamè ńkọ́? Ṣé wọ́n kún, àbí wọn ò kún? Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ tó ń pe fóònù, tó ń ní kí wọ́n wá gbogbo obìnrin tí òun ti ní kí wọ́n dá oògùn dúró, kí wọ́n wá wọn kíákíá. Nǹkan kan ṣoṣo nìyẹn tó ṣe tó wù mí lọ́jọ́ náà.

Mo wá kọjú sí ìyá ọkọ. Mo ti to èébú jọ sẹ́nu. Mo ṣàlàyé fún un pé ìtọ̀ àwọn tí ara wọn le ló sọ fún dókítà pé ara àbúrò mi le, òun ló jẹ́ kí wọ́n gba oògùn lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ mi yé. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wo ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ pa á nìyẹn." Mi ò bú u mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún o, mo jẹ́ kó sunkún rẹ̀.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo bi àbúrò mi pé òun ńkọ́, ṣé kò rí wọn ni? Ó ní òun rí wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi. Ta ló ń kọ ẹ̀bùn ìyá ọkọ?" Kí n sọ òtítọ́, ó wù mí kí n gbá a létí níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Torí kí wọ́n má baà káàánú rẹ̀ ló ṣe gbé hóró mì, torí rẹ̀ náà ló ṣe gba ìtọ̀ wọn. Ìtìjú yẹn fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó padà sórí oògùn, ti ilé ìwòsàn, díẹ̀ láràárọ̀. Ẹ wo ayé. Oògùn tó ń gbé mì kó lè sanra ló ń gbé mì báyìí kó lè wà láàyè. Ara rẹ̀ ti ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo sì ti ń gba ẹ̀gbẹ́ bùbá tí mo tú sílẹ̀ sínú. Àwọn ará Idigny náà ti tún bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó, o mà rù o. Ṣé kò sí nǹkan?" Wọn ò kọ́ ọgbọ́n kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ti fi nǹkan kún iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń jókòó ti gbogbo ilé báyìí kí wọ́n tó gbé bídọ̀n kalẹ̀, wọ́n sì ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ kiri bí ẹni pé òun ló ṣàwárí ìyá ọkọ. Mo bi í bóyá kókó yẹn á jí lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn kan máa ń jí, àwọn kan kì í jí, pé àwọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó ní òun ò mọ nǹkan. Ó yẹ ẹ́ ju mọ́tò funfun lọ.

Nígbà tó tó àkókò láti tún ìtọ̀ rẹ̀ wò, èmi fúnra mi ni mo lọ mú un ní Idigny. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ láti àná, ó jókòó tì í, ó ń ṣọ́ bídọ̀n bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbàdo lọ́wọ́ ẹyẹ. Ó ti di ẹ̀pà sísè sínú ọ̀rá kan fún ọ̀jọ̀gbọ́n, kí bídọ̀n má baà dá lọ. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo wá gbé ọ̀rá náà sínú àpò mi.

Àbúrò mi jáde, bídọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi aṣọ bò ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju kó bo ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn ìyàwó ilé dúró, wọ́n ń wò ó pẹ̀lú ojú àánú tí mo mọ̀ dáadáa yẹn. Ìyá ọkọ gba bídọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó wò ó títí.

Ó ní, "Tìẹ nìkan rèé?"

Àbúrò mi wo gbogbo wọn lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Tèmi nìkan ni, Ìyá."